Wọ́n fẹ́ gba àárín abúlé wa fa ààlà káńsù. Ta ni ká kọ̀wé sí?

Ìyá Ẹlẹ́gàrí

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Èkìtì, àti ẹ̀yin ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi dé ibí, mo sì ń bẹ ẹnikẹ́ni tó bá mọ iṣẹ́ káńsù kó dá mi lóhùn.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò ní abúlé kan lójú ọ̀nà Ìkọ̀lé. Baálẹ̀ wa ní kí n má tíì dárúkọ abúlé náà síta títí ìpàdé tó ń bọ̀ yóò fi kọjá, n kò sì ní kọjá àṣẹ bàbá. Ẹ̀gẹ́ ni mò ń rà, tí mò ń fi ṣe gàrí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀, òun ni mo fi rán ọmọ mẹ́rin níwèé lẹ́yìn tí bàbá wọn kú.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ọkùnrin mẹ́ta gun ọ̀kadà wá, wọ́n gbé ike ọ̀dà pupa dání. Òpó iná mẹ́rin ni wọ́n fi ọ̀dà sàmì sí. Èkejì nínú wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtíbàbà tí mo ti ń yan gàrí gan-an. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn ní, "Màmá, ààlà ni." Mo ní ààlà kí ni? Ó ní ti káńsù. Ó kí mi dáadáa, kò rí mi fín, ṣùgbọ́n kò mọ nǹkan kan ju pé wọ́n ní kí ó wá sàmì.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, a rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo kà níbẹ̀ ni pé wọ́n fẹ́ mú gbogbo ilé tó wà ní òdìkejì odò kúrò lábẹ́ LCDA wa, ìyẹn káńsù ìdàgbàsókè kékeré tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀, kí wọ́n kó wọn fún LCDA tó múlé tì wá. Wọ́n ní ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ kó kọ̀wé wá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé odò tí wọ́n ń pè ní odò yìí fún yín. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewúrẹ́ á gba inú rẹ̀ kọjá, pátákò rẹ̀ kò ní tutù. Pákó ìgèdú méjì la tẹ́ lé e lórí láti ìgbà tí mo ti dé ilé ọkọ, orí rẹ̀ la sì ń gbà lọ gbà bọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ilé ọkọ mi wà ní òdìkejì. Àtíbàbà gàrí mi wà ní apá ibí. Ẹ̀rọ ìlọ̀ wà ní òdìkejì, torí pé ibẹ̀ ni iná kọ́kọ́ dé. Ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn kékeré wà ní apá ibí, ọjà ọrọọrún wà lọ́hùn-ún. Kí n tó mu ẹ̀kọ òwúrọ̀, mo ti sọdá odò yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ka ilé tó wà ní òdìkejì fúnra mi lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, 59 ni. Inú àwọn ilé wọ̀nyẹn ni ìdajì àwọn ọmọ tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́ wa ti ń wá.

Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìwé ọmọ onílùú tí àwọn ọmọ wa gbà ní káńsù ṣì máa wúlò. Ọmọbìnrin mi ìkẹyìn fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn onítíkẹ́ẹ̀tì méjì ni yóò máa dá mi dúró lórí àpò gàrí kan, ọ̀kan ní ìhín odò, èkejì ní ọ̀hún. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá nọ́ọ̀sì lè sọ fún aboyún kan lóru pé káńsù rẹ kọ́ nìyí. Àwọn kan ti ń sọ ọ́ kiri pé a ó pàdánù ilẹ̀ wa. Bàbá àgbàlagbà kan ti ní òun yóò lọ gbin kókó tuntun sẹ́bàá odò kí ẹnikẹ́ni tó dé ibẹ̀.

Ta ni a máa kọ̀wé sí tí yóò ka ìwé náà?

Akọ̀wé Àná

Ìyá wa, ẹ kú ìdúró ti ìlú. Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ káńsù kí n tó fẹ̀yìn tì, Ìjerò ni mo wà báyìí. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ̀rù ti pọ̀ jù.

Ìjọba ìbílẹ̀ 16 ni òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 mọ̀ ní Èkìtì. Orúkọ wọn wà nínú ìwé òfin náà níkọ̀ọ̀kan. LCDA kò sí níbẹ̀. Òfin ìpínlẹ̀ ló bí LCDA, inú ìjọba ìbílẹ̀ tó jẹ́ ìyá wọn ni wọ́n sì ti yọ wọ́n. Nítorí náà, ìbéèrè kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ rí ìdáhùn sí kí ẹ tó kọ ohunkóhun: LCDA méjèèjì yìí, ṣé ìyá kan náà ló bí wọn?

Bó bá jẹ́ ìyá kan náà ni, ìwé ọmọ onílùú kò ní wàhálà kankan. JAMB, àwọn tó ń ṣe káàdì ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè, gbogbo wọn, ìjọba ìbílẹ̀ 774 tó wà nínú òfin ni wọ́n ń lò. Orúkọ tí ọmọbìnrin yín yóò kọ sínú fọ́ọ̀mù kò ní yí padà.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ọ̀rọ̀ ti di ti abala 8(4) òfin orílẹ̀-èdè. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ bí a ṣe ń sún ààlà ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn tó ń ṣojú agbègbè tó ń béèrè àti agbègbè tó kàn, nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àti ní káńsù, ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn gbọ́dọ̀ fara mọ́ ìbéèrè náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn aṣòfin tó ń ṣojú agbègbè náà yóò dìbò lórí rẹ̀, kí ó sì rí ìbò tó pọ̀ jù. Ọ̀dà pupa lára òpó iná kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà á pọ̀ mọ́ ìdásílẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tuntun o. Ìyẹn wà ní abala 8(3), òun ló ní ìbò gbogbo ará ìlú nínú.

Nípa ilẹ̀: ààlà káńsù kì í gba oko lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Lábẹ́ òfin ìlò ilẹ̀ ti 1978, káńsù lè fún èèyàn ní ìwé ẹ̀tọ́ ìlò ilẹ̀ ní ibi tí kì í ṣe ìgboro, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí gbogbo ẹni tó bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ bá mi sọ fún bàbá yẹn kó gbin kókó rẹ̀ síbi tí kókó yóò ti so. Kí wọ́n má gbìn ín nítorí ìbẹ̀rù.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ẹ̀dà ìwé ni ohun tí ojú mi rí nígbà tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1996. Inú gbogbo wa dùn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fáìlì wà tí a wá tì. Mo rí olùkọ́ kan tó wá lẹ́ẹ̀mẹsàn-án nítorí ìwé ìgbéga kan ṣoṣo. Ààlà kì í pa èèyàn lára tó ìwé tó sọnù sí àárín ọ́fíìsì méjì.

Ibùdó ìdìbò yín wà lọ́wọ́ INEC, kì í ṣe lọ́wọ́ káńsù. Nígbà tí INEC fi kún ibùdó ìdìbò ní 2021, láti 119,974 sí 176,846 ní gbogbo Nàìjíríà, kò sí ààlà ìjọba ìbílẹ̀ kan tó tìtorí rẹ̀ yẹ̀. Ti ìdìbò káńsù nìkan ni kí ẹ wádìí lọ́wọ́ àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀.

Ará Ìwòròkó

Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ọmọ yín lọ́kùnrin ni mí, mo ń tún fóònù ṣe ní Ìwòròkó, nítòsí yunifásítì. Mo kàn fẹ́ kí ẹ wo apá kejì ọ̀rọ̀ yìí.

Irẹ́pọ̀dùn/Ifẹ́lódùn ni ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìwòròkó wà, Ìgèdè sì ni olú ìlú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà mọ̀ pé láti ọ̀dọ̀ wa, inú Adó la máa ń là kọjá kí a tó dé Ìgèdè. Ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn la ń gbà kọjá lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa! Nígbà tí mo fẹ́ gba ìwé ọmọ onílùú, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Adó, mo wọ òmíràn lọ sí Ìgèdè, akọ̀wé tó yẹ kó bu ọwọ́ lù ú kò sí níjokòó, mo padà wá, mo tún lọ. Ọjọ́ méjì tí mo ti ilé ìtajà pa nìyẹn.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ní òun fẹ́ sún ààlà kí ọ́fíìsì lè súnmọ́ mi, èmi yóò kọ́kọ́ béèrè ibi tí ọ́fíìsì náà wà kí n tó bínú. Ẹ wádìí ibi tí ọ́fíìsì LCDA kejì wà sí ilé 59 yẹn. Ó lè jẹ́ pé ó súnmọ́ wọn ju èyí tí wọ́n ń lọ tẹ́lẹ̀.

Ará Òdìkejì

Mo mọ ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yìí, òun náà yóò sì mọ̀ mí. Màmá, mo kí yín o. Ẹ̀yin lẹ gbé ọmọ mi àkọ́kọ́ jó lọ́jọ́ ìkómọ, n kò sì ní fi àfojúdi dá yín lóhùn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ inú mi. Àwa kan wà ní òdìkejì tí inú wa dùn sí ìwé yẹn. Ọ̀nà tó ti ọjà wọ ọ̀dọ̀ wa, ìgbà mélòó ni káńsù gbé katakata wá láti tún un ṣe? Lọ́dún tó kọjá, mẹ́sàn-án nínú àpò ẹ̀gẹ́ mi jẹrà nínú ọkọ̀ tó rì sínú ẹrẹ̀. Ọdọọdún ni káńsẹ́lọ̀ ń bẹ̀ wá wò, apá ọ̀dọ̀ yín ló sì máa ń dúró sí torí kí bàtà rẹ̀ má baà bàjẹ́. Bóhòlù tí wọ́n gbẹ́, apá ọ̀dọ̀ yín. Àga tuntun tí wọ́n kó wá, apá ọ̀dọ̀ yín. Àwa ń san owó ọjà, ọ̀dọ̀ wa ni ọjà wà, a kò sì mọ ibi tí owó náà ń lọ.

LCDA kejì ti tún ọ̀nà méjì ṣe ní ọ̀dọ̀ tiwọn. Mo fi ojú ara mi rí i. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni pé kí a fẹ́ ohun tó dára?

Ọmọ Ọ̀tùn

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú àjọsọ ọ̀rọ̀. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀tùn, olú ìlú Mọ̀bà, ti rí ohun tí ààlà ń ṣe. Nígbà tí òyìnbó pín ilẹ̀ yìí sí Àríwá àti Gúúsù, ọ̀dọ̀ Ìlọrin ni wọ́n kó wa sí, tí Èkìtì yòókù wà ní Gúúsù. Ọdún 1936 ni wọ́n tó dá wa padà sí Èkìtì. Ìdó ni ìyá tó bí bàbá mi ti wá. Nígbà tí wọ́n ń mú un bọ̀ nílé ọkọ, àwọn ẹbí rẹ̀ ń sunkún pé ó ń lọ sí ilẹ̀ Ìlọrin. Bẹ́ẹ̀, èdè kan náà la jọ ń sọ, kò sì ju ìrìn ọjọ́ kan lọ láti ibẹ̀ dé Ọ̀tùn. Títí ó fi kú ló ń sọ ọ́ pé ọ̀nà oko kò yí padà, àwọn tó ń gba owó orí ló yí padà.

Ohun tí mo rò ni pé kí ẹ̀yin, Ìyá Ẹlẹ́gàrí, àti Ará Òdìkejì kọ́kọ́ jókòó papọ̀, kí ẹ tó kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni. Bí ìwé méjì tó tako ara wọn bá dé iwájú ìjọba láti abúlé kan ṣoṣo, wọn yóò gbé méjèèjì tì, wọn yóò sì ṣe ohun tó wù wọ́n.

Ìyá Ẹlẹ́gàrí

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún Baálẹ̀ lálẹ́ àná, mo tún un kà lẹ́ẹ̀mejì nítorí etí bàbá.

Akọ̀wé Àná, mo ṣe bí ẹ ṣe wí. Mo lọ sí káńsù lọ́jọ́ Ajé, mo sì dúró títí di aago méjì kí wọ́n tó yọ máàpù sí mi. Ìyá kan náà ló bí LCDA méjèèjì. Ọkàn mi balẹ̀ lórí ti JAMB ọmọ mi, mo sì ti yí ilé ká láti sọ fún àwọn òbí yòókù. Àwọn tó ń sọ pé a ó pàdánù ilẹ̀, mo ti ní kí wọ́n yé dẹ́rù ba àwọn àgbàlagbà. Bàbá tó fẹ́ gbin kókó ti dá èso kókó rẹ̀ padà sílé.

Ohun tó dùn mí ni ohun tí mo rí lórí máàpù. Odò wa, ìlà dúdú kan tó nípọn ló jẹ́ níbẹ̀, bí ẹni pé ọkọ̀ ojú omi ń gba inú rẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ síbẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Afárá pákó wa kò sí níbẹ̀. Mo na ìka sí i, mo ní, ibí yìí gan-an la máa ń gbà kọjá. Ọmọkùnrin tó mú máàpù náà wá wò mí, ó ní, "Màmá, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín, torí kò sẹ́ni tó sọ fún wa."

Ará Òdìkejì, ọmọ mi, mo mọ̀ ọ́, n kò sì bínú sí ọ rárá. Òótọ́ lo sọ nípa ọ̀nà. Òótọ́ lo sọ nípa bóhòlù. Mo jókòó nípàdé tí wọ́n ti pinnu ibi tí wọn yóò gbẹ́ bóhòlù náà sí, mo wà níbẹ̀, mi ò lanu pé ẹ rántí àwọn tó wà lọ́hùn-ún. Ìyẹn dùn mí láti ìgbà tí mo ti ka ọ̀rọ̀ rẹ. Mo ti gbé e kalẹ̀ fún Baálẹ̀, bàbá sì ní kí o wá sọ ọ́ fúnra rẹ níwájú gbogbo wa.

Ṣùgbọ́n gbọ́ tèmi náà. Bí LCDA kejì bá sàn, kí gbogbo wa jọ lọ síbẹ̀. Bí èyí tí a wà bá sàn, kí gbogbo wa jọ dúró. Mo lè gba èyíkéyìí nínú méjèèjì, mo sì sọ ọ́ tọkàntọkàn. Èyí tí n kò lè gbà ni kí wọ́n gba orí pákó méjì yẹn la abúlé kan sí méjì, kí ọmọ rẹ máa sọdá lọ sílé ẹ̀kọ́ tí káńsù mìíràn ń tún òrùlé rẹ̀ ṣe, kí káńsù yìí sọ pé ọmọ tiwa kọ́ nìyẹn, kí tọ̀hún sọ pé ilé ẹ̀kọ́ tiwa kọ́ nìyẹn. O mọ̀ pé bí òrùlé ilé ẹ̀kọ́ bá ṣí, ọmọ tìrẹ àti ọmọ ọmọ mi ni òjò yóò jọ pa.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì. Akọ̀wé Àná, báwo ni kí a ṣe kọ ìwé náà?

Akọ̀wé Àná

Ojú ewé méjì, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti ka ìwé ẹ̀bẹ̀ tó gùn tó ojú ewé mẹ́tàdínlógún rí. Láàárín èmi àti ẹ̀yin, kò sẹ́ni tó kọjá ojú ewé kẹta.

Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ sí òkè pátápátá: pé kí wọ́n má pín abúlé náà, pé kí ààlà gba ẹ̀yìn ilé tó kẹ́yìn, yálà ní apá ibí tàbí ní apá ọ̀hún. Ẹ kọ iye ilé tí ẹ kà. Ẹ ya àwòrán afárá náà nígbà tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bá ń kọjá lórí rẹ̀ láàárọ̀, kí ẹ so ó mọ́ ìwé. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ọ̀nà tó bàjẹ́ àti bóhòlù náà sínú rẹ̀, kí àwọn ará òdìkejì lè rí ara wọn nínú ohun tí wọ́n ń fọwọ́ sí.

Ẹ fún alága LCDA méjèèjì àti alága ìjọba ìbílẹ̀ tó jẹ́ ìyá wọn ní ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, ẹ fún aṣòfin tó ń ṣojú yín ní Adó, kí ẹ sì fún ìgbìmọ̀ ọ̀rọ̀ ààlà ìpínlẹ̀, tí igbákejì gómìnà máa ń ṣe alága rẹ̀. Òfin ìpínlẹ̀ ló dá LCDA sílẹ̀, nítorí náà ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ lágbára lórí ààlà wọn. Ní gbogbo ibi tí ẹ bá dé, ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ẹ̀dà tiyín, kí ọjọ́ hàn lára rẹ̀ kedere. Bí wọ́n bá ní ẹni tó ń lu òǹtẹ̀ kò sí, ẹ jókòó dè é.

Ohun kan kù tí Ará Òdìkejì yẹ kó mọ̀ kó tó pinnu. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn 774 inú òfin ni ìdájọ́ yẹn ń sọ. Kò sí owó àpò àpapọ̀ tó ní orúkọ LCDA lára. Láti ọ̀dọ̀ ìyá wọn ni owó ti ń kàn wọ́n. Àwọn ará Èkó ti kọ́kọ́ rí irú èyí: wọ́n dá káńsù 37 kún 20 tí wọ́n ní, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì sọ ní 2004 pé títí ilé aṣòfin àpapọ̀ yóò fi ṣe ìpín tirẹ̀, iṣẹ́ náà kò tíì parí. Nítorí náà, kí ó béèrè lọ́wọ́ LCDA kejì pé ọ̀nà méjì tí wọ́n tún ṣe yẹn, owó ta ni? Bó bá jẹ́ owó ìyá ni, ìyá kan náà ló ni ọ̀nà ti òdìkejì náà.

Ará Òdìkejì

Mo ti gbọ́. Màmá, mo ń bọ̀ lọ́jọ́ ìpàdé, màá sì mú àwọn mẹ́fà dání láti ọ̀dọ̀ wa. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà sí ojú ewé àkọ́kọ́ o, kó má jẹ́ ẹ̀yìn ìwé. Bí mo bá rí i níbẹ̀, màá fọwọ́ sí i.

Ìyá Ẹlẹ́gàrí

Ojú ewé àkọ́kọ́ ni yóò wà, lẹ́yìn gbólóhùn tó ní kí wọ́n má pín wa. Ọmọ mi ti ya àwòrán afárá náà láàárọ̀ yìí, ọmọ 23 ló wà lórí rẹ̀ àti nídìí rẹ̀. Ọmọ rẹ obìnrin ló ṣáájú, ó ru àga rẹ̀ sórí.

Ìpàdé di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́. Màá din gàrí sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá wá.